Kóòṣì Wo Ló Yẹ Leicester? Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Lẹ́yìn Tá A Já Lẹ́ẹ̀mejì

Tí tíìmù bá ti já wálẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló máa ń kù lẹ́nu gbogbo wa: ta ló kàn? Ta ni wọ́n máa gbé e fún? A kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró béèrè pé kí ló gbé wa délẹ̀, orúkọ kóòṣì tuntun la máa ń sáré wá kiri. Mo ti wà nínú àríyànjiyàn yìí lẹ́ẹ̀mejì nílùú Leicester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, 2023 àti 2025 tí tíìmù wa já kúrò ní Premier League, líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí mo sì kọ́ níbẹ̀ ti pọ̀ jù kí n kàn máa rò ó nínú lásán, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ọ́ fún àwa tá a fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, pàápàá ẹ̀yin tí tíìmù yín ń mì lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí.

Kí n kọ́kọ́ sọ bí èmi ọmọ Ìbàdàn ṣe di ti Leicester. Ọdún 2016 tí wọ́n gba Premier League, kò sẹ́ni tí ò gbọ́ orúkọ wọn ní Nàìjíríà, ìgbà tó wá di oṣù keje ọdún yẹn wọ́n ra Ahmed Musa láti CSKA Moscow, oṣù kìíní 2017 wọ́n ra Wilfred Ndidi láti Genk, kí ọdún yẹn tó parí Kelechi Iheanacho náà ti dé láti Manchester City. Ilé tá a ti ń wo bọ́ọ̀lù ní Mọ́kọ́lá tó jẹ́ pé Chelsea, Arsenal àti Man U nìkan ni wọ́n máa ń kọ sára pátákó tẹ́lẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Leicester síbẹ̀ náà. Nígbà tí mo wá wá kàwé síbí tí mo sì ríṣẹ́, ọ̀nà King Power, pápá ìṣeré Leicester, ni mo kọ́kọ́ mọ̀. FA Cup tá a gbà lọ́wọ́ Chelsea ní 2021, Tielemans ló gbá gólì ọjọ́ yẹn lóòótọ́, àmọ́ Iheanacho ló na Southampton fún wa ní sẹ́mì kó tó di pé a dé fáínàlì, Ndidi sì wà láàárín pápá. Látìgbà yẹn ni mi ò ti mọ bí mo ṣe lè gbé ọkàn mi kúrò lára tíìmù yìí mọ́.

Ẹ wá wo bá a ṣe já. Ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún 2023, a na West Ham 2-1 nílé wa, Barnes àti Faes ló gbá a wọlé, a sì tún já síbẹ̀. Everton na Bournemouth 1-0, Doucouré ló gbá tiẹ̀, wọ́n ní póìǹtì 36, àwa ní 34, ó tán. Àwọn èèyàn ń sunkún ní gbangba, àgbàlagbà tó tó bí mi lọ́mọ jókòó sórí àga ẹ̀ kò fẹ́ dìde. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún yẹn kan náà, àwa àti Everton yìí ló pàdé, a wà níwájú 2-1, a rí pẹnáríti, Maddison gbá a, Pickford aṣọ́lé wọn mú un, nígbà tá a padà láti ìsinmi ọmọ wa Alex Iwobi gbá èyí tó sọ ọ́ di 2-2. Tá a bá na wọn lọ́jọ́ yẹn, ẹ ṣírò ẹ̀, àwa ì bá ní 36, àwọn ì bá ní 35.

Gólì 51 la gbá wọlé ní séésìnì yẹn o! Everton tó dúró sókè, 34 péré ni wọ́n gbá, Chelsea gan-an tó náwó bí omi, 38. Nítorí náà kì í ṣe pé a ò lè gbá bọ́ọ̀lù síwájú, ẹ̀yìn ló bàjẹ́, gólì 68 ló wọlé wa. Schmeichel tó ti ń ṣọ́lé látìgbà tá a ti gba líìgì, wọ́n ti jẹ́ kó lọ sí Nice nínú oṣù kẹjọ 2022, wọn ò sì ra ẹni tó tó o sípò ẹ̀. Rodgers tó jẹ́ kóòṣì wa kúrò ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 2023, Dean Smith dé sípò ẹ̀ ní ọjọ́ kẹwàá, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8 ló bá nílẹ̀, ó na èèyàn nínú méjì, ó ta ọ̀mì nínú mẹ́ta. Kóòṣì wo ló fẹ́ tún ẹ̀yìn tó ti bàjẹ́ láti oṣù kẹjọ ṣe nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 8?

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibi tá a ti sọ̀rọ̀ náà dáadáa ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan lápá Narborough Road, ibẹ̀ ni àwa Yorùbá tá a wà nítòsí máa ń kóra jọ sí ní Sátidé. Bùrọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní Potter ni kí wọ́n lọ bá, pé Chelsea ṣẹ̀ṣẹ̀ lé e, pé kò níṣẹ́ lọ́wọ́. Baba Ìbejì ní rárá, kí wọ́n jẹ́ kí Dean Smith dúró, ṣebí òun ló gbé Aston Villa gòkè ní 2019. Ẹlòmíì dárúkọ Scott Parker, ó gbé Fulham gòkè ní 2020, ó gbé Bournemouth gòkè ní 2022. Ọmọdékùnrin kan tó ń dúró de orí ẹ̀ ní Daniel Farke ńkọ́, tó gbé Norwich gòkè lẹ́ẹ̀mejì? Ariwo ta. Wọ́n ń yẹ̀yẹ́ ara wọn, wọ́n ń ka ife ẹ̀yẹ, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí, ẹni tí ò gbá a rí, ẹni tó máa ń bínú, ẹni tó máa ń rẹ́rìn-ín jù.

Ẹ̀gbọ́n kan wà níbẹ̀, ará Ìjẹ̀bú, awakọ̀ ọkọ̀ ńlá ni wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n jẹ́ ká pariwo tán, wọ́n wá ní, "Ẹ̀yin ará ibí yìí, ta ló kù nílé tí kóòṣì náà á wá kọ́?"

Ṣọ́ọ̀bù dákẹ́ díẹ̀. Lòótọ́, a ò tíì sọ ti ìyẹn. Mo mú fóònù mi, a bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Tielemans, kọ́ńtíráàtì ẹ̀ ti tán. Söyüncü, ó ti tán. Jonny Evans, ó ti tán. Amartey, Mendy, ó ti tán. Maddison àti Barnes, gbogbo ayé mọ̀ pé wọ́n máa tà wọ́n, Tottenham ra ọ̀kan ní nǹkan bíi £40m, Newcastle ra ìkejì ní nǹkan bíi £38m. Ká tó kà á dé ìdajì, ó ti hàn sí gbogbo wa pé tíìmù tá à ń wá kóòṣì fún yìí ò tíì sí nílẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ ló máa kó o jọ, a jẹ́ pé ká tó wo ife tó ti gbà rí, ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó mọ bí wọ́n ṣe ń kó tíìmù tuntun jọ láàárín oṣù méjì, kí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì tètè mọ ohun tó fẹ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ kóòṣì fún mi lẹ́yìn tí tíìmù já, ohun tí mo máa kọ́kọ́ bi í ni pé ó ti wo kọ́ńtíráàtì àwọn tó wà nílé bí?

Ọ̀rọ̀ kejì tí ẹ̀gbọ́n yìí là yé wa, mo gbà pé òun ló jinlẹ̀ jù. Wọ́n ní Championship, líìgì kejì tá a já sí, yàtọ̀ pátápátá sí ibi tá a ti ń bọ̀. Tíìmù 24 ni, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46, Sátidé, Túsìdeé, Sátidé, òtútù, òjò, ìrìn àjò, àwọn méjì tó ṣáájú nìkan ló ń gòkè tààrà, àwọn tó ṣe ìkẹta dé ìkẹfà nígbà yẹn á lọ máa bá ara wọn jà nínú play-off kí ẹyọ kan lè gòkè. Kò burú, gbogbo wa mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ wo èyí. Nígbà tá a wà lókè, àwa là ń dúró sẹ́yìn dè Man City, à ń wá àyè tí Vardy, agbábọ́ọ̀lù iwájú wa, máa fi sáré. Nígbà tá a bá já, àwa la di ẹni ńlá àárín wọn, gbogbo tíìmù tó bá wá sí King Power ló máa páàkì bọ́ọ̀sì, èèyàn mẹ́wàá á wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù, aṣọ́lé wọn á ti máa fi àkókò ṣeré láti mínìítì karùn-ún, wọ́n á sì máa retí kọ́nà kan ṣoṣo. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba tíìmù là lọ́wọ́ jíjá, tó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró sẹ́yìn kí wọ́n má gbá gólì wọlé, iṣẹ́ tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó máa tú irú tíìmù bẹ́ẹ̀ ká. Àwa fáànù máa ń pa méjèèjì pọ̀, a máa ń sọ pé "ó nírìírí, ó ti gba tíìmù kan là rí," a ò sì ní béèrè pé ìrírí kí gan-an.

Inú oṣù kẹfà ni wọ́n kéde Enzo Maresca. Ó dákẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tó mọ̀ ọ́n mọ̀ pé igbákejì ni lọ́dọ̀ Guardiola ní Man City tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife mẹ́ta, wọ́n sì tún mọ̀ pé ìgbà kan ṣoṣo tó dá tíìmù àgbà kan darí, Parma ní Ítálì, wọ́n lé e kúrò nínú oṣù kọkànlá 2021 kó tó pé oṣù mẹ́fà. Baba Ìbejì bínú gan-an. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tíìmù tó já kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Mo gbọ́ wọn yé, ẹni tí ilé ẹ̀ ń jó ò ní fẹ́ gbọ́ pé kí wọ́n dán nǹkan wò.

Ohun tí mo rí ní King Power ní séésìnì yẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú wá dúró sí mi lọ́kàn. Wọ́n ra Hermansen láti Brøndby kó máa ṣọ́lé, kì í ṣe torí pé ó ń mú bọ́ọ̀lù nìkan, ẹsẹ̀ ẹ̀ ni wọ́n ń wò, á tẹ bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀, á dúró, á máa wo ẹni tó ń bọ̀, èèyàn tó jókòó nítòsí mi á máa pariwo "gbá a síwájú jàre!" lédè tiwọn, kò ní gbá a, títí ẹnì kan nínú àwọn tó páàkì bọ́ọ̀sì yẹn á fi sá jáde wá bá a, ibi tẹ́ni yẹn ti kúrò gan-an sì ni bọ́ọ̀lù máa gbà kọjá. Harry Winks tí wọ́n rà láti Tottenham ló ń gbà á láàárín. Ricardo tó jẹ́ ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, á fi ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ á wọ àárín. Èyí tó sì yà mí lẹ́nu jù, Ndidi wa, Ndidi tó jẹ́ pé ká gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ èèyàn la mọ̀ ọ́n sí, wọ́n tì í síwájú lọ bá ojú ilé ọ̀tá, ó ń sá wọ bọ́ọ̀kìsì. Dewsbury-Hall gbá gólì 12 ní líìgì. Mavididi gbá 12. Vardy tó ti pé ọdún 37 gbá 18.

Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 14 àkọ́kọ́, 13 la fi na èèyàn. Síbẹ̀ náà ẹ gbà mí gbọ́, àwọn èèyàn ń kùn. Bọ́ọ̀lù náà lọ́ra jù fún wọn, wọ́n ti mọ Leicester mọ́ eré sísá, kí bọ́ọ̀lù kan fò kọjá kí Vardy ti lé e dé. Ní ìparí oṣù kìíní 2024 tá a na Swansea 3-1 nílé, kíkùn yẹn dé etí Maresca, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé bí wọn ò bá fẹ́ irú bọ́ọ̀lù yìí, òun á lọ. Inú bí ọ̀pọ̀ èèyàn sí i. Èmi ò rí i bí ìgbéraga. Kóòṣì tí àwọn èèyàn ń kùn sí lẹ́yìn tó borí, tó bá yí ọwọ́ padà lọ́jọ́ náà, àwọn ọmọ tó ń kọ́ ò ní gbà á gbọ́ mọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá nà á. Ọjọ́ yẹn sì dé. A bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù, QPR wá nà wá 2-1 nílé wa nínú oṣù kẹta, inú oṣù kẹrin Millwall nà wá 1-0, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn Plymouth náà nà wá 1-0, Ipswich àti Leeds ti wà lọ́rùn wa. Kò yí i padà. A gbé Southampton 5-0, Fatawu ọmọ Gánà gbá mẹ́ta níbẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà Leeds lọ sílé QPR, QPR fún wọn ní 4-0, a gòkè. Póìǹtì 97, ipò kìíní, Ipswich ní 96. Tó bá jẹ́ pé ó gbọ́ tiwa nínú oṣù kìíní yẹn, mi ò mọ ibi tá ò bá wà.

Bá a ṣe ń yọ̀ títí wọ inú oṣù kẹfà, Chelsea wá, wọ́n mú Maresca lọ. Wọ́n tún mú Dewsbury-Hall lọ. Apá ibí yìí la kì í rò mọ́ ọn nígbà tá a bá ń dárúkọ kóòṣì. Tíìmù tó já, tó bá rí kóòṣì tó dáa gan-an, àwọn tó lówó jù ú lọ máa wá mú un, Burnley ní Kompany, ó gbé wọn gòkè pẹ̀lú póìǹtì 101 ní 2023, séésìnì tó tẹ̀ lé e wọ́n padà já, Bayern sì tún mú un lọ! Nítorí náà ìbéèrè tó yẹ ká ti bi ara wa láti 2023 ni pé tí ẹni yìí bá lọ, kí ló máa kù sílẹ̀? Ṣé ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù yẹn jẹ́ ti tíìmù ni àbí ti kóòṣì nìkan?

Èsì ẹ̀ dé kíákíá. Steve Cooper ni wọ́n gbé e fún. Ẹ má ṣe mí lọ́rọ̀, kóòṣì gidi ni, ó gbé Nottingham Forest gòkè ní 2022, ọdún tí àwa já yẹn gan-an ló fi mú Forest dúró sókè. Àmọ́ bí mo ṣe rí i, ó dà bí ẹni tí wọ́n fún ní aṣọ tí wọ́n wọn sára ẹlòmíì, àwọn tó bá nílé, torí kí wọ́n lè máa fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé bọ́ọ̀lù jáde láti ẹ̀yìn ni wọ́n ṣe kó wọn jọ, iṣẹ́ tó wá dúró de òun sì ni ká jà ká má já. Lẹ́yìn náà, Forest tí kò sí ẹni tó fẹ́ràn wọn nílùú yìí ló ti wá, inú fáànù ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 2024, Chelsea tí Maresca ń kọ́ wá sí King Power wọ́n nà wá 2-1, ọjọ́ kejì wọ́n lé Cooper. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12, póìǹtì 10, ipò kẹrìndínlógún. A ò tíì wà nínú àwọn mẹ́ta ìsàlẹ̀ o.

Ruud van Nistelrooy dé. Orúkọ ńlá. Ṣọ́ọ̀bù dùn lọ́sẹ̀ yẹn, gbogbo àwa tá a mọ̀ ọ́n ní Man U ń rántí gólì ẹ̀, ó sì na West Ham 3-1 nínú èyí tó fi bẹ̀rẹ̀. Kí ni mo wá fẹ́ sọ? Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 26 tó kù lẹ́yìn tí Cooper lọ, póìǹtì 15 péré la rí. Mẹ́sàn-án tẹ̀ léra la pàdánù nílé láìgbá gólì ẹyọ kan wọlé, kò tíì sí tíìmù kankan tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí nínú líìgì àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìkẹrin ìkarùn-ún, àwọn èèyàn ò pariwo mọ́, wọ́n kàn ń dìde lọ ní mínìítì àádọ́rin. Orúkọ ńlá ò ní gba bọ́ọ̀lù kúrò lẹ́nu ilé fún ẹ, ẹ̀yìn tó bàjẹ́ láti 2022 yẹn náà ló tún padà bàjẹ́, láti ọwọ́ Rodgers títí dé ọwọ́ Ruud, kóòṣì ń lọ kóòṣì ń bọ̀.

Bàbá mi ní Ìbàdàn ló wá jẹ́ kí n rí ibi tọ́rọ̀ náà wà. Ọmọ Shooting Stars, tíìmù Ìbàdàn, ni wọ́n látìgbà tó ṣì ń jẹ́ IICC, wọ́n rí 1976 sójú, ọdún tí Shooting gba ife àwọn tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, tíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife Áfíríkà. Ọdún 2017 tí Shooting já, mo rántí bí wọ́n ṣe ń jà ní Adamásingbà, ta ni kí wọ́n gbé e fún, ọmọ ilé ni àbí àlejò, ẹni tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting rí ni àbí ẹni tó ń ṣe dáadáa níbòmíì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n lò kí wọ́n tó gòkè padà ní 2021. Mo pè wọ́n lẹ́yìn tí Liverpool fi 1-0 já wa lọ́jọ́ Àjíǹde 2025, mo ń sọ ti kóòṣì fún wọn, wọ́n jẹ́ kí n sọ tán, wọ́n wá ní, "Ìwọ ọmọ yìí, Remo Stars ńkọ́?"

Ẹ wò ó. Ọdún kan náà ni Remo Stars ti Ìkẹnnẹ́ àti Shooting jọ já, 2017. Ọdún 2021 ni wọ́n sì tún jọ gòkè. Lọ́dún 2025 Remo Stars gba líìgì Nàìjíríà fúngbà àkọ́kọ́, Daniel Ogunmodede ló kọ́ wọn, kì í ṣe ẹni tí wọ́n lọ gbé wá láti òkè òkun, inú ilé wọn ló wà kí wọ́n tó gbé gbogbo ẹ̀ lé e lọ́wọ́. Bàbá mi ní àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ tí Remo ń tọ́ dàgbà nínú Beyond Limits, pápá tiwọn tí wọ́n kọ́ sílùú, ẹnì kan tó ni tíìmù tó mọ ohun tóun fẹ́, ìyẹn ni kóòṣì kó tó kan kóòṣì. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni tó ń jowú, torí Shooting ni tiwọn, àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ fún mi. Ìgbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Leeds ni mo ń rò. Leeds àti àwa la jọ já ní 2023, Farke tí ọmọdékùnrin yẹn dárúkọ ní ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n gbé e fún, póìǹtì 90 ni wọ́n ní lọ́dún àkọ́kọ́, wọ́n dé Wembley, Southampton nà wọ́n 1-0. Ibòmíì wọ́n á ti lé e. Wọ́n fi í sílẹ̀. Séésìnì tó tẹ̀ lé e wọ́n ní póìǹtì 100, wọ́n gba Championship. Burnley náà ní 100 lọ́dọ̀ Scott Parker, gólì 16 péré ló wọlé wọn nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 46, àwọn ló kọ́kọ́ tún ẹ̀yìn ṣe kí wọ́n tó sọ nǹkan mìíì.

Nígbà tá a wá kóra jọ ní ṣọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀kejì ní 2025, mo rí i pé ọ̀rọ̀ wa ti yí padà, inú mi sì dùn sí i, bí ọkàn mi ṣe bàjẹ́ tó. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni. Baba Ìbejì ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó kù. Vardy ti lọ, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 500, gólì 200, ó gbá ìkẹyìn wọlé Ipswich nílé wa ó sì dágbére. Ndidi máa lọ, ó sì lọ sí Beşiktaş. Bùrọ̀dá tó ni ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ọmọ kékeré ńkọ́, pé Jeremy Monga ọmọ ọdún 15 tó wọlé nígbà tí Newcastle wá, kóòṣì tí ò ní bẹ̀rù láti lo irú ọmọ yẹn ni ká wá. Ẹlòmíì ní owó ò sí, ọ̀rọ̀ òfin ìnáwó ti wà lọ́rùn wa, kóòṣì tó máa ní dandan kí wọ́n ra èèyàn mẹ́jọ fóun, kó má wulẹ̀ wá. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú jókòó sí igun wọn, wọ́n ń mi orí.

Ohun tó bí gbogbo wa nínú ni bó ṣe pẹ́. Oṣù kẹrin la ti já, ó di ọjọ́ 27 oṣù kẹfà kí Ruud tó lọ, ó di ọjọ́ 15 oṣù keje kí wọ́n tó kéde Martí Cifuentes láti QPR, ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ la sì gbá èyí àkọ́kọ́. Oṣù kan ò pé. Ẹni yòówù kí wọ́n mú, àkókò tí wọ́n fi ṣòfò yẹn, òun náà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀, àkókò tó yẹ kó fi mọ ẹni tó kù àti ẹni tó ń lọ, mo fẹ́ kí àwọn tó ni tíìmù mọ̀ pé àwa fáànù rí i, ó sì dùn wá.

Baba Ìbejì fẹ́ràn Cifuentes. Wọ́n ní ṣebí òun ló wá nà wá 2-1 nínú ilé wa nínú oṣù kẹta 2024, òun náà ló fún Leeds ní 4-0 lọ́jọ́ tá a gòkè, ẹni tó lè ṣe irú ìyẹn mọṣẹ́. Mo ní Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, mo dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ń fò sókè. Àmọ́ QPR ló ń sá fún jíjá nígbà yẹn, Leeds àtàwa ló ń gbá bọ́ọ̀lù tọ̀ wọ́n lọ, ó mọ bí wọ́n ṣe ń dúró de ẹni ńlá. Níbí, òun ni ẹni ńlá. Millwall máa wá, Preston máa wá, èèyàn mẹ́wàá á wà lẹ́yìn bọ́ọ̀lù. Baba Ìbejì wò mí, wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú. Ẹ̀gbọ́n ní ohun tí àwọn náà máa wò ní séésìnì 2025/26 nìyẹn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé mẹ́wàá àkọ́kọ́, bóyá bọ́ọ̀lù ń rí ọ̀nà gbà kọjá láàárín àwọn tó tì í pa. Wọ́n ní tó bá ń rí ọ̀nà, kódà ká ta ọ̀mì nínú díẹ̀, kí a fi ọkùnrin náà lọ́rùn sílẹ̀. Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì séésìnì mi lọ́sẹ̀ yẹn.